Ibi Tí Ohùn Ti Wúwo

Lọ́dún 1988, kò sí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Ayétòrò tó mọ bí a ti ń gé ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́ tó Nímọ́tà Bàrúwà. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á fi ṣọ́ọ̀kì gé e sí sílébù, àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, wọn á wá pa èyí tó ròkè jù síbi tí ohùn ti wúwo.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́mọláfẹ́, alábẹ̀wò ilé-ìwé, wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, "photographer" ni wọ́n ń gé. Àtẹ́wọ́ dún gbà lórí sílébù kejì.

"Ẹ dúró," ni ọkùnrin náà wí. "Ti àkọ́kọ́ ló wúwo. Ẹ má ṣi àwọn ọmọ lọ́nà."

Nímọ́tà rọra fèsì. "Ẹ má bínú, sà. Nínú 'photograph' ni ti àkọ́kọ́ ti wúwo. Bí a bá ti fi 'er' kún ìparí rẹ̀, ohùn á sún síwájú." Ó ṣí díṣọ́nárì, ó gbé e fún un. Kọ́mọláfẹ́ wò ó títí, ó pa á dé, ó jáde. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà fi dé: wọ́n ti gbé Nímọ́tà lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìjoun, ní ìgbèríko. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni "insubordination". Kó tó mọ̀, ó ti ń fi ìka gé e: in, sub, or, di, na, tion. Mẹ́fà. Ti karùn-ún ló wúwo. "Sub" ni abẹ́, "in" ni kíkọ̀: ẹni tó kọ̀ láti wà lábẹ́.

Ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ wà ní yàrá kejì. Ọkọ Nímọ́tà ní, "Ìyá Mùtíátù, lọ bẹ alábẹ̀wò náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì ọkùnrin náà ní Ìlaròó.

"Pè é kí n gbọ́," ni Kọ́mọláfẹ́ wí.

Nímọ́tà pe "photographer", ó fi ohùn tẹ sílébù àkọ́kọ́.

"Tún un pè."

Ó tún un pè. Fúnmilọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, dojú kọ ẹ̀rọ rẹ̀.

"O ti wá mọ̀ ọ́n," ni Kọ́mọláfẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti jáde, kò ṣeé dá padà."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ohun tó ń dun Nímọ́tà jù lójú ọ̀nà ni bí àṣìpè náà ti rọrùn tó fún ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìjoun, ó bẹ pírínsípà pé kó jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Pírínsípà ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì làwọn ń retí. Nímọ́tà ní òun mọ̀.