Ọ̀já Ọmọ Tí Mo Fi Di Ìpá

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹyin adìyẹ, níbi tí ikùn mi ti pàdé itan. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń fi ìka tì í kó lè wọlé, kì í wọlé. Iṣu ni mò ń kó láti Ọ̀kà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ nígbà náà, èmi náà ni mo sì ń rù ú, torí ẹnu mi ò jẹ́ kí alábàárù kankan bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó pàtẹ́wọ́: "Ìpá nìyí! Iṣu tí ò ń gbé bí ọkùnrin ló fà á." Mo ní, "Ìyá, ó ku irùngbọ̀n nìkan, màá di ọkùnrin tán."

Onípá ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ wa. Obìnrin wo ló máa jẹ́wọ́ pé òun ní in? Mo mú ọ̀já tí mo fi pọn àwọn ọmọ mi, mo fi dì í mọ́ra lábẹ́ ìró. Bí mo ṣe ń dì í ló ń tóbi. Àwọn oníbàárà rò pé oyún ni, èmi náà ní kí wọ́n máa retí ìkómọ.

Nígbà tí n ò lè jókòó mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́. Dókítà tẹ̀ ẹ́, òun náà sọ pé ìpá ni, iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Mo jí, mo fọwọ́ kàn án: nǹkan náà ṣì wà. Dókítà ò lè wojú mi.

"Màmá, kì í ṣe ìfun la bá níbẹ̀. Kókó ẹran kan ni, inú ikùn ló ti hù wá. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

Mo ní, "Látọjọ́ tí mo ti ń wá ọjà tó ṣọ̀wọ́n tà, ara mi ló wà!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú là ń sọ. Mo kọjú sógiri, mo sunkún bí ọmọdé. N ò rí ẹnu bú ẹnikẹ́ni.

Ọsibítù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ní ó lè padà. Ohun tó bá ti mọ̀nà ilé ẹni, kì í bèèrè ọ̀nà mọ́.

Mo ṣì ń ta iṣu, ẹlòmíì ló ń rù ú. Láràárọ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, mo máa ń tẹ ibẹ̀ wò. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin bímọ, ó ní kí n mú ọ̀já ilé wa wá. Tuntun ni mo rà fún un.

"Màámi, ti àtijọ́ ńkọ́? Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Àbúrò rẹ kan tí mo dì mọ́ra ló ni ín. Kò tíì sọ bóyá òun ń padà bọ̀."

Ó ní ẹnu mi yìí ò ní dákẹ́ láé. Mo ní àmín.