Ìgbà Tí Àpáàdì Ń Bá Wa Béèrè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìrì àárọ̀ láìṣojo, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tèmi nìkan nínú ilé wa ní Ìrè. Èmi ni mo máa ń lọ fọnná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń yí gáàsì tí iná ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìyá mi á na àpáàdì sí mi, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò tó tẹ́ bí àwo. Wọ́n á ní kí n lọ bu ẹ̀yinná wá nílé ìyá opó tó múlé tì wá, ká lè fi dá uná àárọ̀. Uná là ń pè é lẹ́nu tiwa níbí, kí àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa pé iná ni.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ìṣáná wà nílé wa. Mo máa ń rí páálí rẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo wá bi ìyá mi lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a ò ṣáná kí n lè sùn díẹ̀ sí i. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ìṣáná mọ ojú ta ni?"

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Kì í ṣe iná ni wọ́n ń rán mi, ojú mi ni wọ́n ń rán. Tí mo bá padà dé, wọn kì í bi mí pé kí ni ìyá opó ń sè. Wọ́n á kàn gba àpáàdì, wọ́n á wo inú rẹ̀. Bí ẹ̀yinná bá pupa, tó jẹ́ ti igi gidi, wọ́n á ní ó dára. Bó bá jẹ́ ti pàǹtí lásán, tó ti fẹ́ kú kí n tó délé, wọ́n á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àpáàdì òfìfo dé, tí mo ní eérú tútù ni mo bá nínú ààro, wọ́n á wọlé lọ mú iṣu, wọ́n á ṣáná sí ààro tiwa, wọ́n á bu ẹ̀yinná sórí àpáàdì, wọ́n á ní, "Padà lọ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi sè é mọ́ tiwọn, ìkòkò mi kéré."

Ìkòkò ìyá mi ò kéré o. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ni. Èmi fúnra mi lè jókòó sínú rẹ̀. Ìyá opó náà sì mọ̀. Wọ́n á gba iṣu lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní, "Ìkòkò ìyá rẹ yìí ò sì dàgbà?" Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí iṣu bá jinná, wọ́n á gé díẹ̀ fún mi pé kí n gbé e relé. Ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tọrọ, kò sí ẹni tó fi fúnni.

Èkùrọ́ ni ìyá náà máa ń bá àwọn èèyàn pa kí wọ́n tó lówó lọ́wọ́. Ọdún kan wá dé tí ọwọ́ wọn wú, wọn ò lè gbé òkúta mọ́, àbígbẹ̀yìn wọn ọkùnrin ṣì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà náà ni mo ṣe àṣìṣe tí etí mi ò gbàgbé. Mo bá eérú tútù nílé wọn, mo sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ò tíì jẹun láti àná ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. A ti jẹ, a sì yó." Inú mi dùn. Mo sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún ìyá mi bí ọmọ tó gbọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe fa etí mi, tí wọ́n lọ́ ọ. "Ṣé mo rán ọ ní ẹnu ni? Ẹni tó bá bi ẹni tí ebi ń pa pé ṣé ebi ń pa á, irọ́ ló fẹ́ gbọ́."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló mú mi sọ gbogbo èyí.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá opó nígbà náà ti di bàbá báyìí. Inú ilé ìyá rẹ̀ yẹn náà ló ń gbé, páànù rẹ̀ nìkan ló pààrọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkọ̀lé ló ń wà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, ó kó wọn bọ̀, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Nígbà tó yá, ilé ìwé ò rówó san mọ́. Wọ́n ta bọ́ọ̀sì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí kálukú máa lọ. Ìdí ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè. Síbẹ̀, láràárọ̀, á wọ káàkì awakọ̀ rẹ̀ tó ti ṣá, á jáde, á lọ jókòó sí oríta títí oòrùn á fi mú. Bí ẹ bá kí i, á ní òun ń retí ẹnìkan. Mo máa ń wò ó, mo máa ń rántí ìyá rẹ̀ tó máa ń gbé omi lásán kaná bí àlejò bá wà ládùúgbò, kí èéfín ṣáà lè rú.

Ó ní ọmọbìnrin kan. Àpótí kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn, orí rẹ̀ lọmọ yẹn ti máa ń kàwé nírọ̀lẹ́, ìwé lórí itan, ojú lórí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ọdún tí yóò ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rẹ̀ ló bọ́ sí àsìkò tí bàbá rẹ̀ ò níṣẹ́ yìí, owó ìdánwò náà ló sì ń lé oorun kúrò lójú wọn.

Ìgbà náà ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé owó kan ń bọ̀ lóṣooṣù fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ọyẹ́, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Kí kálukú mú àgbà kan tó mọ̀ ọ́n dání. Bàbá ọmọ náà wá bá mi. Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwa méjèèjì. Ẹ ò rí ohun tó wọ̀! Aṣọ òfì tó fi gbéyàwó, bàtà tó ń dán, fìlà lórí. Mo ní, "Àbúrò mi, ṣé ìgbéyàwó là ń lọ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè lọ bá ìjọba bí alágbe."

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ará Ààyè wà níbẹ̀, àwọn ará Àsin wà níbẹ̀, àna rẹ̀ ọkùnrin pàápàá wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn wa. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin kan ló jókòó níwájú wa, fóònù pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó níwà ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó padà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà fi ìka tẹ fóònù.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jẹun lójúmọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Olúwa ń bọ́ wa. Ebi ò pa wá sùn rí."

Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ta ló ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Èèyàn pọ̀ lẹ́yìn mi. Èèyàn laṣọ mi."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o. Ààro ilé wọn—" Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ọmọbìnrin náà ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹnu tiwọn ló gbọ́dọ̀ ti jáde." Ó yíjú sí i. "Bàbá, ṣé ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́ àbí ẹ ò ní?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì na ọrùn. Àbúrò mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọkùnrin kì í wà láìníṣẹ́."

Ẹnìkan ké lẹ́yìn wa pé, "Bàbá olówó! Ẹ kúkú yá wa lówó ọ̀kadà tí a ó fi padà sílé!" Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ má bá mi bú ọmọbìnrin yẹn. Ohun tí ẹnu sọ ni wọ́n ní kó kọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀, pé kí wọ́n pe ọmọ Èkìtì sí àárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kí wọ́n kí i tán, kí wọ́n wá bi í bóyá ebi ń pa á?

Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù àbúrò mi pé kò sí lára àwọn tí owó tọ́ sí. Mo pè é, mo sọ ìtàn etí mi fún un, mo sọ nípa ìyá rẹ̀ àti iṣu àti ìkòkò ilé wa tí kì í dàgbà. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní, "Nítorí ìdánwò ọmọ rẹ, padà lọ. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

A padà lọ. Káàkì rẹ̀ tó ti ṣá ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin náà bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ṣí fìlà, ó ká a mọ́ ọwọ́. "Mi ò níṣẹ́," ló wí. "Ebi ń pa wá nílé." Wọ́n bi í pé ta ló ń ràn án lọ́wọ́. Ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò ní ẹnì kankan."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Kò wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ohun tí fóònù yẹn fẹ́ gbọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ní kó padà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ owó, àfi kó kọ́kọ́ sẹ́ wa.

Àtẹ̀jíṣẹ́ dé, wọ́n ní ó ti yege. Ìdùnnú ṣubú layọ̀! Ó sọ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbà ìjọ ti ń gbèrò láti dá owó ìdánwò ọmọ náà jọ, wọ́n bá dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ìjọba ti gbọ́ tiẹ̀, kí àwọn gbọ́ ti ẹlòmíì.

Ó wá ń retí. Àwọn tí a jọ jókòó ní Ọyẹ́ ń gba alẹ́ẹ̀tì, tiẹ̀ ò dé. Ó lọ sí báńkì. Wọ́n ní àkáǹtì rẹ̀ ti sùn. Láti ìgbà tí owó oṣù ilé ìwé ti dáwọ́ dúró, kò sí ohun tó wọ inú rẹ̀, ni wọ́n bá tì í pa. Owó dé, ó kanlẹ̀kùn, ó padà síbi tó ti wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Owó tí wọ́n fẹ́ fún un torí pé kò níṣẹ́ ni kò lè wọlé torí pé kò níṣẹ́. Wọ́n ní kó gba ìwé kan wá láti Ọyẹ́ kí wọ́n tó lè tún un rán. Nígbà tó dé Ọyẹ́, gbọ̀ngàn ti ṣófo. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sí ìlú mìíràn.

Kò sọ fún ẹnì kankan nígbà náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́. Bí a bá bi í, á ní a dúpẹ́. A rò pé owó ti wọlé, pé ìdánwò ti di sísan. Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú báàgì. Wọ́n ti gba orúkọ tán níléèwé, tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ń lọ sí Èkó, ó ń lọ bá ẹnìkan tọ́jú ọmọ. Ó kúnlẹ̀ kí n súre fún un. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí wàhálà?"

Ó ní, "A dúpẹ́, mà."

Nígbà tó lọ tán ni mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, ibi tí àwọn ìkòkò àtijọ́ fọ́ sí, mo ṣa àfọ́kù kan tó tẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sílé wọn. Ìyàwó àbúrò mi wò mí bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ti dé bá mi lórí. "Màmá, iná kẹ̀? Ìṣáná yín tán ni?" Mo ní ó tán. Mo wo inú ààro. Eérú tútù. Gáàsì ń bẹ nílé èmi àti nílé gbogbo àdúgbò, ògiri sì ti yí gbogbo wa ká, kò sẹ́ni tó ń wọ ilé ìdáná ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Ẹ ní ayé ti là. Mo gbà. Ó ti là débi pé èèyàn lè máa pebi mọ́nú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó jẹ́ pé Ọyẹ́ ni yóò ti lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àlejò.

Mo padà lọ sílé, mo mú iṣu, mo fi igi dáná lẹ́yìnkùlé, mo bu ẹ̀yinná sórí àpáàdì, mo gbé e padà lọ bá wọn. Mo ní, "Ẹ bá mi sè é mọ́ tiyín, ìkòkò mi kéré."

Ìyàwó rẹ̀ ò mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú yàrá, ó rọ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò ilé yín yìí ò sì dàgbà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín níbi tó wà. Iṣu jinná, ìyàwó rẹ̀ gé e sí abọ́, ó bu tèmi, ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó bu tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún nà sí abọ́ kẹrin, ó wo àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì da abọ́ náà dé.