Àtẹ̀gùn Ìsàlẹ̀ Tí Mo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Etí afárá pákó, níbi tó ti parí sínú omi, ni fóònù ti máa ń gbọ́ràn dáadáa ní abúlé wa nítòsí Awoye. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí afẹ́fẹ́ òkun á máa já ìró mọ́ mi nídìí, bí mo bá fẹ́ bá àbíkẹ́yìn mi sọ̀rọ̀ nígbà tó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Èkó. Èmi ò kàwé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọmọ mi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ti ròyìn rẹ̀ dé ọjà Ode Mahin pé òun gan-an ni ọ̀gá wọn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta ni. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kọṣẹ́ á pe àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, níbi tí òun wà. Òun á bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, òun á sì gbìyànjú ìwọ̀n tí òun mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára òun lọ, òun á kọ gbogbo ohun tí òun ti dán wò sílẹ̀, òun á gbé e fún àwọn ará àtẹ̀gùn kejì tó mọ inú ẹ̀rọ. Bó bá tún ju tiwọn lọ, ó di ọwọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ lókè.

Mo pòṣé. "Ṣé torí 'ẹ dúró, ẹ jẹ́ n pe ẹlòmíràn' ni mo ṣe rán ọ níwèé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìye mi, ẹni tí kò bá tètè gbé e sókè ni wọ́n ń bá wí lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ìtìjú gan-an ni mo rí. Èmi ni wọ́n ń fi ọkọ̀ wá pè sí egbò àti ibà nígbà náà, ìyá mi tó sì kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá gba aláìsàn kì í gbé e fún ẹlòmíràn. Bó bá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kú nìyẹn, oògùn rẹ̀ kò ní jẹ́ mọ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, kí kálukú mọ ibi tí agbára òun mọ. Mo mọ òwe náà dáadáa, àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Kò pẹ́ sí i ni ẹja ọ̀bọ̀kún fi ẹ̀gún rẹ̀ gún ọkọ mi lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń tú àwọ̀n. Mo fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, mo fi ewé dì í. Lọ́jọ́ kẹta ẹsẹ̀ náà wú. Ọmọ mi gbọ́, ó pè. "Ìye, kí lẹ ti fi sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Bàbá sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù."

Mo ní, "Ìwọ tó ń gbé iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíràn ṣe, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní tèmi?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìye."

Àràárọ̀ ló ń pè, àràárọ̀ ni mo ń sọ pé egbò ti ń gbẹ. Irọ́ ni mo ń pa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi, má bò ó. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ní, "Obìnrin yìí, ẹsẹ̀ mi ń jó bí iná, jẹ́ ká lọ." Mo ní kó fara balẹ̀. Nígbà tí kò dá mi mọ̀ mọ́ ni àwọn ará àdúgbò gbé e sínú ọkọ̀. Dókítà bi mí ní ohun tí mo fi sí i àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mi ò lè tò ó. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ọkọ mi fi kú.

Ọmọ mi wá sin bàbá rẹ̀, kò bá mi wí rárá. Ìbá sàn kó bá mi wí. Nígbà tí wọ́n gbé e ga sí àtẹ̀gùn kejì níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún àlejò.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, ojú òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pè é. Mo sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ohun tí mo fi fọ̀ ọ́, mo ní ó ti ju agbára mi lọ, kó gbé mi lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹkún rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ní, "Ìye, báyìí náà ni. Báyìí náà là bá ti ṣe é fún Bàbá."

Mo di fóònù náà mọ́ etí títí ó fi sunkún tán.