Omi Búlúù Ìyá Onílé Wa

Bí mo bá rí omi búlúù tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ funfun, ìyá onílé wa ní Adéwọlé ni mo máa ń rántí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló mú igi òdòdó haidiréńjà wá fún un láti Jọ́ọ̀sì, ó ní yóò yọ òdòdó búlúù. Ọdún yẹn náà lọmọ ọ̀hún kú.

Nígbà ọyẹ́, Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá onílé náà, á fi àpò tútù bo igi náà, á ní, "Fara dà á, ìyá mi."

Ó yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ni Màmá bá ń da omi búlúù aṣọ sí ìdí rẹ̀.

"Màmá, ọṣẹ wà nínú ẹ̀ o," ni mo rọra sọ.

"Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀! Ọjọ́ tó o máa lanu, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló kàn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Búlúù lọmọ mi sọ."

Ewé rẹ̀ rẹ̀ dànù, igi náà gbẹ. Títí a fi kó kúrò níbẹ̀, láràárọ̀ ni Màmá ń fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò, bóyá inú rẹ̀ ṣì tutù. Gbígbẹ ló ń bá.

"Ó sùn ni," lá wí, á sì tún bu omi sí i.