Ọyẹ́ Ni Wọ́n Fi Tan Bàbá Mi Wálé

Àyà bàbá mi kò bá ilẹ̀ tútù mu. Láti kékeré ló ti ní ikọ́ fée. Bí òjò bá ti ṣú ní Ìwó, ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í han, á di pé ó ń fi èjìká fa èémí. Ohun tó lé e kúrò nílé nígbà èwe nìyẹn, kì í ṣe owó bí àwọn ará ilé wa ṣe máa ń sọ ọ́ fáyé. Ó gbọ́ pé Jọ́ọ̀sì wà lórí òkè, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ló bá wọ rélùwéè. Ó ríṣẹ́ akọ̀wé sí ibi ìwakùsà kan, ó mú ìyá mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ibẹ̀ ló sì bí gbogbo wa sí. Kò lo oògùn ikọ́ fée mọ́ àfi ìgbà tó bá wálé wá ṣọdún Iléyá.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kórìíra Jọ́ọ̀sì. Òtútù ibẹ̀ ti wọ̀ ọ́ légungun. Làkúrègbé mú un lórúnkún méjèèjì débi pé orí àga ló ti ń kírun. Bí ó bá wá sí Ìwó, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí á fi dìde, tí á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Afẹ́fẹ́ tó ń wo ọkọ sàn ló ń dá aya lóró, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé inú yàrá kan náà.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fẹ̀yìn tì, ní ayé àwọn ṣọ́jà tó ń lé gbogbo wa síta gbálẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, mo ti relé ọkọ, mo ń ṣe tíṣà ní Ìwó. Ọ̀dọ̀ mi ló dé sí ní ọdún Iléyá yẹn, torí pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, afẹ́fẹ́ sì ń dé ibẹ̀ díẹ̀. Òjò ni Iléyá ń bọ́ sí ní àwọn ọdún náà. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ń mí bí ẹni tó sáré dé, ó wá sọ fún mi pé òun ti ra ilẹ̀ kan sẹ́yìn ìlú Jọ́ọ̀sì, lórí òkè olókùúta kan tí kò ní igi ńlá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀. Ó ní èèyàn lè sá aṣọ, kó sì gbẹ kó tó jẹun àárọ̀ tán. Ó ní òun á máa gbin ànàmọ́, òun á máa jókòó síwájú ilé, òun á máa mí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, "Màá máa mí," bí ẹlòmíràn ṣe máa ń sọ pé òun á máa jayé.

Mo bi í pé, "Ìyá wa ńkọ́?"

Ó ní òun á ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún un. Bàbá mi kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, orúnkún tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún.

Ẹni tó kù tí a ó sọ fún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ńlá. Òun ni àgbà ilé wa, kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí a lè ṣe kó má lọ́wọ́ sí i. Bàbá tó bí àwọn méjèèjì lọ ṣòwò ní Gáná, ibẹ̀ ló kú sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó mọ sàréè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tán nínú Ìyá Ńlá láéláé. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún òkú nílé ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n sin ín sí, ojú rẹ̀ á le koko. Mo mọ gbogbo èyí, kò sì ní kí n má kórìíra rẹ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn. Bàbá mi ṣàlàyé àyà rẹ̀, ó ṣàlàyé afẹ́fẹ́, ó ṣàlàyé òkè. Ìyá Ńlá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Àbúrò mi, ibo la ó sin ọ́ sí?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì wà láàyè."

"Mo mọ̀. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè, òun ni mo ṣe ń bi ọ́ nísinsìnyí."

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ilé tí àgbàlagbà yóò gbé àti ibi tí wọn yóò sin ín sí, ọ̀kan náà ni. Iwájú ilé ara rẹ̀ ni wọ́n ń sin onílé sí, kí àwọn ọmọ lè máa kí i bí wọ́n bá ń wọlé. Ẹni tó bá kọ́lé sí ìdálẹ̀ ti sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má wá òun mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ìyá Ńlá rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọlé, ló bá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ó ní kó wá bá wọn gbé fún ìgbà díẹ̀ kó fi dán ara rẹ̀ wò. Bí àyà bá dà á láàmú, kó máa lọ, òun á tún gbàdúrà sí i.

Bàbá mi bi í pé ìgbà wo ni kí òun wá.

"Wá nígbà tí a bá ti kórè tán," ni ó wí, "tí ọwọ́ gbogbo wa bá dilẹ̀, ká lè tọ́jú ẹ dáadáa."

Mo gbé ojú sókè. Ìgbà tí wọ́n bá kórè tán, ọyẹ́ ni. Nínú ọyẹ́, Ìwó náà a máa gbẹ, ètè á sán, ewé á máa dún lẹ́sẹ̀, kódà ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kì í tutù. Irú ikọ́ fée bàbá mi, tó ń bá ilẹ̀ tútù rìn, kì í pa ẹnikẹ́ni nínú ọyẹ́ ní Ìwó. Mo wo ojú Ìyá Ńlá, òun náà sì wò mí. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo sọ ọ́ jáde níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí bàbá mi wá dán ara rẹ̀ wò nínú òjò. Ìyá Ńlá kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Ọmọ tó ti relé ọkọ, ilé ọkọ rẹ̀ ni kó ti máa yan oṣù." Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Òun náà mọ̀.

Bàbá mi wálé nínú ọyẹ́. Àyà rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ń rìn lọ kírun Àsùbáà láìsinmi lọ́nà, ó ń jẹ iyán, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tayò lábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́. Àràárọ̀ ni Ìyá Ńlá ń wá kí i. "O ò rí i bí? Àrùn ọmọdé ni. Ọjọ́ orí ti lé e lọ." Mo lọ bá bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọyẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ná." Ó ní, "Àyà mi ni mo fi ń mí, èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Ohun tó dùn mí jù ni pé inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lójú títì, àwọn ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì wá gbà pé ìyẹn ló wo òun sàn.

Ó pa dà sí Jọ́ọ̀sì lọ ta ilẹ̀ orí òkè, ó kó ẹrù, ó kó ìyá mi, ó dé. Ó bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún òun ní ibi tó ga díẹ̀ nínú ilẹ̀ wọn lọ́nà Olúpọ̀nnà. Ìyá Ńlá ní apá òkè ti di ti àwọn ọmọ òun, ìsàlẹ̀ ló kù. Ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ àkúrọ̀ ni, ibi tí àwọn obìnrin ti ń gbin ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn torí pé omi kì í jìnnà níbẹ̀. Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, Ìyá Ńlá mú igi kan, ó fi fa ìlà sí iwájú ibi tí ilé yóò wà. Ó ní, "Ibí." Bàbá mi ṣe àmín. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, eruku ló bo ìlà náà.

Wọ́n kọ́lé náà tán, wọ́n sì kó wọ̀ ọ́ kí òjò tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ilé ẹ̀gbẹ́ àkúrọ̀, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn fún yín. Ògiri ń làágùn. Aṣọ inú àpótí bu. Iyọ̀ di omi nínú agolo. Bàbá mi kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, orí àga ló ń sùn, ó gbé orí lé tábìlì. Tí mo bá ti ń bọ̀ lọ́nà ni mo ti máa ń gbọ́ àyà rẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rù títí agbádá rẹ̀ fi dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sórí igi.

Ara ìyá mi wá yá gágá. Kò jókòó kírun mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, á gbé igbá karí, á rìn dé ọjà, á rìn bọ̀, á sì tún máa kọrin. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn, mo bá wọn lẹ́nu ìjà. Bàbá mi fi ìwọ̀nba èémí tó kù fún un sọ ọ́ pé, "Orúnkún rẹ ti jẹ àyà mi tán."

Ìyá mi ń ká aṣọ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a fi wà ní Jọ́ọ̀sì, kí ni àyà yín ń jẹ?"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo jáde. Mo fẹ́ bínú sí ìyá mi, mi ò ríbi bínú sí i, torí òótọ́ ló sọ.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ńlá ni mo gba lọ. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mi ò lè fojú rí i. Mo ní ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà ní Jọ́ọ̀sì tó ṣe tán láti gbà á sílé títí òjò yóò fi lọ, kí Ìyá Ńlá jọ̀wọ́ jẹ́ kí bàbá mi lọ.

"Kó lọ kú síbẹ̀?"

"Kí wọ́n lọ mí níbẹ̀ ni, Ìyá."

Ó ní, "Bàbá tiwa náà ń mí dáadáa ní Gáná. Lọ fi sàréè rẹ̀ hàn mí." Ó wá ní kí n dìde, kí n lọ bá ọmọ ọwọ́ mi tí mo fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń sunkún. Mo bú u lọ́kàn láti ibẹ̀ dé ilé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò sì lè gbà láti lọ láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀ǹda. Arúgbó tó ń fi èjìká mí, ó ṣì ń bẹ̀rù obìnrin tó gbé e pọ̀n nígbà tó wà ní kékeré.

Àárín òjò ló kú, láàárọ̀, lórí àga yẹn. Ìyá Ńlá sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún tọkàntọkàn. Ó wá nu ojú, ó tọ́ka sí iwájú ilé, ó ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ibẹ̀. Ìwúrí wà lójú rẹ̀. Ó ti mú ọ̀kan wálé.

Ilẹ̀ rọ̀, iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, omi sun. Wọ́n fi garawa gbọ́n ọn, ó tún kún. Wọ́n sún un lọ sápá kejì, ibẹ̀ náà sun. Gbogbo iwájú ilé di ẹrọ̀fọ̀, òkú wà nínú ilé nínú aṣọ funfun, ọ̀sán sì ti ń lọ. Lémọ́mù ní wọn kò gbọdọ̀ tẹ́ mùsùlùmí sínú omi nígbà tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, wọn kò sì gbọdọ̀ fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Ó ní ibi tó gbẹ dájú ni orí òkè olókùúta lọ́nà Ilé-Ogbó, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn Gàm̀bàrí àti àwọn àlejò tí kò lẹ́bí nílùú. Gbogbo wa wo Ìyá Ńlá. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè gbé òkú kọjá.

Àwọn ọkùnrin gbé e lọ. Àwa obìnrin tẹ̀ lé wọn dé ìsàlẹ̀ òkè, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyá mi ló ṣíwájú gbogbo wa, orúnkún rẹ̀ kò yẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkè wá. A gbọ́ bí dígà ṣe ń ké lórí òkúta, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó parí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ńlá dá ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ sàréè dúró. Ó bi í pé, "Báwo ni inú ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?"

"Ó le, Ìyá, ṣùgbọ́n ó gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀ dáadáa."

Ìyá Ńlá tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó mí kanlẹ̀.

"Alihamudulilahi," ni ó wí. "Ibẹ̀ á bá àyà rẹ̀ mu."