Ìyàwó Títọrọ Lójú Ọ̀nà Ìjà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi jáde nílé wa ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja. Káyọ̀dé ọmọ mi fẹ́ fi Bọ̀nà ṣaya, ọmọ Ìbàrìbá tí wọ́n jọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Fẹlẹlẹ, a sì gbọ́ pé ìdílé kan láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lápá tí Faransé jọba lé rí, ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá ṣáájú mi, ó parí.

Awakọ̀ mi, Alàájì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja, rí i pé ara mi ò balẹ̀.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà Kàbbà la ó gbà."

Ọ̀nà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù! Kòtò rẹpẹtẹ, àwọn ajínigbé nínú igbó. Ní Kàbbà mo ra àkàrà ẹgbẹ̀rún kan náírà, mo gbé gbogbo rẹ̀ fún Alàájì.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ni mo bá ń sọ fún Alàájì bí ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí à ń lọ, ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì bá ọba Bùsá tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàrìbá ti di tàwọn. Faransé ní ọba Nìkì, ìlú tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ni olórí gbogbo wọn. Ni àwọn méjèèjì bá sáré lọ sí Nìkì. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n Faransé ní orúkọ inú ìwé wọn kì í ṣe ti ọba. Bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbéra ní Lọ́kọ́ja nìyẹn, tí àwọn àti Faransé dojú ìbọn kọra.

"Torí ìwé?" Alàájì ṣe háà.

Ìrọ̀lẹ́ la dé abúlé Bọ̀nà, lẹ́yìn Kàíámà, nílẹ̀ Ìbàrìbá. Bàbá kan jókòó lórí ẹní, ó fún wa ní wàrà. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ ọmọ.

"A ti gbọ́. A fi fún yín."

Díẹ̀ ló kù kí n jó. Bọ̀nà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, bàbá mi kọ́ nìyẹn, àbúrò wọn ni. Nílé wa, àbúrò ló ń gba àlejò, kì í sì í sọ pé rárá fún àlejò. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ wá lánàá, ó fi mí fún àwọn náà."

Èmi, tíṣà ìtàn, ni mo lọ bá ẹni tí kì í ṣe olórí! Mo bẹ̀bẹ̀ kí n bá bàbá gan-an sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló ti dáhùn: "Ẹ̀yin méjèèjì ti tọrọ. Èwo nínú yín ló ti bi ọmọ náà léèrè?"

Mo yíjú sí Bọ̀nà. Ó ń wo ilẹ̀.

"Káyọ̀dé ò tíì bi mí léèrè, mà. Mo kàn gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni."

A sùn síbẹ̀, a padà lọ́jọ́ kejì. Ojú tì mí dé Lọ́kọ́ja. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ni ní ẹni tó kọ́kọ́ dé Nìkì, n kò béèrè rí ohun tí àwọn ará Nìkì fẹ́.

Káyọ̀dé ti ń dúró lẹ́nu géètì. "Mọ́mì, ṣé àwa la ṣáájú?"

"Pe Bọ̀nà," mo ní, "kí o bi í fúnra rẹ bóyá ó fẹ́ ọ."

Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà Bọ̀nà, ó wá yíjú sí mi: "Mọ́mì, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?"