Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Màmá Létí Odò

Mo ṣì kéré nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé wa sì wà ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín kó yín wá sí Atlanta lọ́mọdé, ẹ ó rántí bó ṣe máa ń rí: Monday sí Friday ilé ìwé, Saturday ilé títún ṣe, Sunday ṣọ́ọ̀ṣì títí ebi á fi fẹ́ pa wá. Kò sí ohun tó ń jẹ́ vacation nílé wa. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà wá nígbà tí Dádì, tí wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì, dé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n ní a máa lọ sùn nínú àgọ́ ní pákì ìjọba kan létí odò, torí pé gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń lọ.

Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi tí mo ní ilé, tí mo ní bẹ́ẹ̀dì, kí n wá lọ máa sùn sílẹ̀ nínú igbó?" Ṣùgbọ́n nígbà tó di Friday, àwọn gan-an ló di ẹrù bí ẹni tó ń relé lọ ṣọdún: jollof kúlà kan, mọ́ínmọ́ín, ẹja díndín, ata, mátírẹ́ẹ̀sì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé ọlọ.

Ìyá Dádì, tí à ń pè ní Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó tì mí lẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n wá bá wa tọ́jú àbúrò mi tuntun ni. Wọn kì í sọ òyìnbó sí wa rárá, kí Yorùbá má baà parẹ́ lẹ́nu wa. Bí mo bá fi òyìnbó kí wọn, wọ́n á kàn máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibẹ̀ rẹwà, n ò ní purọ́. Ilẹ̀ tóóró kan ló yọ sínú odò, omi níwájú, omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Dádì bá àgọ́ jìjàkadì fún wákàtí méjì, àgọ́ sì dá wọn mọ́lẹ̀, títí bàbá òyìnbó kan fi wá gbà wá sílẹ̀.

Lójú Màmá, ọmọbìnrin tó jí tí kò gbálẹ̀ kò tíì jí. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ tiwọn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Amẹ́ríkà nínú àpótí! Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwẹ̀ dé láàárọ̀ Saturday, wọ́n ti ró ìró, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbá ewé igi páìnì níwájú àgọ́ wa. Wọ́n gbá a dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò pàápàá. Wọ́n máa ń ní téèyàn bá gbá iwájú tirẹ̀ nìkan, atẹ́gùn á tún gbé ti ẹlòmíì wá bá a.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rí Kayla tó jáde látinú àgọ́ aládùúgbò yìí, òun àti ìyá rẹ̀. Kíláàsì kan náà la wà. Odidi ọdún ni mo fi ń wá ojúure ọmọ yìí, kó lè jẹ́ kí n máa jókòó ti òun ní lunch. Ó na ìka sí Màmá, ó ní ta nìyẹn. Ẹ wá wo ẹnu mi bó ṣe yá! Mo fi òyìnbó dá a lóhùn pé òṣìṣẹ́ pákì ni.

Ìyá Kayla gbọ́. Ó gbé báàgì ìdọ̀tí wọn, ó fi ẹ̀rín gbé e fún Màmá. Màmá na ẹ̀yìn wọn ró. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wá wò mí. Mo gbé! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òyìnbó tí mo sọ yìí gan-an ni wọ́n sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì gba báàgì. Wọ́n ní, "Thank you, madam," ó sì dá ṣáká. Wọ́n gbé e lọ dà nù.

Lọ́sàn-án, a ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Kayla ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Bí Màmá ṣe rí i, wọ́n rọra fi oúnjẹ wọn sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sétí omi lọ́hùn-ún. Mọ́mì ń pè wọ́n, "Màmá, ẹ wá jẹun o." Wọ́n ní àwọn ń gba atẹ́gùn ni. Wọn ò padà títí Kayla fi lọ.

Mo ń retí kí wọ́n fẹjọ́ mi sun Dádì. Ẹ̀yin náà mọ ìyà wa nígbà yẹn: ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè, àti ìwàásù tí kì í tán. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ojú ò jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí ní airport, wọ́n ṣàdúrà: "Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ọmọ tí yóò mọ̀ ọ́ láàárín èrò." Gbogbo ilé ṣe àmín.

Nígbà tiwa, ṣe là ń bẹ àwọn àgbà wa pé kí wọ́n má ró ìró wá sílé ìwé wa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú ìtìjú yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ mú ọmọ mi nílé ìwé ní Morrow, tèmi ti ìró àti bùbá. Ó já kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ káàsán, mà!" Ó wá yíjú sí wọn: "That's my mom!" Mo dì í mọ́ra, mi ò lè wò ó lójú. Àdúrà Màmá gbà, fún èmi tí mi ò bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kú.